Àpòlúkù Mi àti Àwo Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Apápá ló sọ mí di ẹni tí kì í gba ohun tí kò bá fojú rí gbọ́. Mo máa ń bá àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun gba ẹrù wọn ní èbúté, èmi sì ni mo máa ń dúró síwájú kọ̀ǹténà nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá fẹ́ ṣí i. Ìwé lè sọ pé táìlì ló wà nínú ẹ̀. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, mi ò mọ̀ bóyá táìlì ni tàbí táyà àlòkù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ó yẹ kí wọ́n dín àpòlúkù mi kù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí nínú ikùn, ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ dé sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé: báwo tiẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún ṣe rí?

Mo sanra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká má fi aṣọ bò ó. Láti kékeré ni mo ti tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ l'Ájégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí mi, tí mo sì tún padà sí báyìí. Ọ̀rọ̀bọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè mí, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é, mo sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Boundary, bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ní kí ẹni mẹ́ta má jókòó sẹ́yìn, kó jẹ́ èmi àti ẹnì kan péré. N ó bá wọn jà, n ó sì tún jókòó bí wọ́n ṣe wí. Gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ni pé lẹ́yìn tí mo kọjá ogójì ọdún, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, àyà ń ta mí lẹ́yìn oúnjẹ bí ẹni pé wọ́n rọ́ ata sí i, àtọ̀gbẹ sì wọlé tọ̀ mí wá láìkan ilẹ̀kùn.

Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í ṣàlàyé. Ó fa bébà kan yọ, ó ya àpòlúkù sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ ni ti balúùn. Róbà kan ni, ẹnu ni wọ́n ń gbà tì í wọlé, wọ́n á wá fi omi kún un nínú lọ́hùn-ún kó lè gba àyè mọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Wọn ò ní fi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì yọ ọ́ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní siléèfù. Wọ́n á gé èyí tó pọ̀ jù lára àpòlúkù kúrò lóòró, ìyókù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gé ti lọ nìyẹn, kò tún sí àbọ̀. Ìkẹta ni báípáàsì. Wọn ò ní ju nǹkan kan nù ní ti ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n á pín àpòlúkù sí méjì, wọ́n á ṣe àpò kékeré bí ẹyin adìyẹ sókè, wọ́n á wá fa ìfun láti ìsàlẹ̀ wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ má baà gba ibi tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn yé mi kíá. Kò sí onítírélà tó ń wọ èbúté tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún ojú ọ̀nà gidi.

Mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ibo ni wọ́n ń ju èyí tí wọ́n bá gé sí? Apá tí oúnjẹ ò bá gba inú ẹ̀ mọ́, kí ló kù tó ń ṣe níbẹ̀? Tí balúùn bá wá bẹ́ sí mi nínú ńkọ́? Ó ní àwọn máa ń po aró búlúù mọ́ omi inú ẹ̀. Bó bá ti jò, àwọ̀ ìtọ̀ ẹni á yí padà, onítọ̀hún á sì sáré wá fúnra ẹ̀. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá ti ronú kan ohun tó lè bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà, ni mo sọ fún un. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì ń dúró níta.

Síbẹ̀, àwòrán orí bébà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó di Sátidé, mo gba ọjà Boundary lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta inú ẹran, tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́. Mo ní kó tẹ́ gbogbo àpòlúkù màlúù kan sílẹ̀ fún mi láìtíì gé e. Ó tẹ́ ẹ sórí pákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú ọ̀nà inú ẹ̀. Èyí tó rí bí táwẹ́ẹ̀lì nìyẹn, ṣàkì tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tó rí bí afárá oyin lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ní awẹ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ nínú bí ojú ewé Bíbélì, èyí tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ló wá kẹ́yìn, níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni mo kà. Mo tẹ̀ wọ́n, mo ṣí wọn wò, mo fi ọwọ́ wá ibi tí ọ̀kan ti ń wọ inú èkejì.

“Àǹtí,” obìnrin náà ní, “ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ìnsípẹ́kṣàn lẹ wá ṣe?”

Mo ra díẹ̀ nínú ẹ̀ kí ojú má baà tì mí. Bí mo ṣe ń lọ sílé, gbogbo nǹkan ti tò lẹ́sẹẹsẹ lórí mi. Siléèfù ni kí wọ́n gé ṣàkì kúrò. Báípáàsì ni kí oúnjẹ fo yàrá méjì, kó bọ́ tààrà sínú ẹ̀kẹrin. Èwo ni mo lè ṣe láìní nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mo pinnu pé ṣàkì ló tóbi jù, òun ló sì ń gba gbogbo oúnjẹ yìí, kí òun máa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó síwájú dókítà bí ẹni tó ti gboyè. Mo sọ fún un pé kó bá mi gé ti ṣàkì, kó fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀, pàápàá èyí tó dà bí afárá oyin. Ó wò mí, ó wo bébà rẹ̀, ó tún wò mí.

“Mà,” ó ní, “yàrá kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ kì í ṣe màlúù.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà ò lè mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, mo bi ara mi pé ta ni nínú wa tí kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò ọbẹ̀ la ti kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa inú ara. Ẹni tó ti ń jẹ ṣàkì láti kékeré, tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí fùkù, tó mọ̀ pé àbọ̀dì yàtọ̀ sí ràǹdabáùtù, báwo ni kò ṣe ní rò pé bẹ́ẹ̀ ni tòun náà ṣe tò? Dókítà ní bí mo bá fẹ́ rí èyí tó súnmọ́ ti ènìyàn, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni kí n lọ wò.

Ìyẹn ò le l'Ájégúnlẹ̀, níbi tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti wà káàkiri. Mo ra àpòlúkù ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, mo gbé e wọ ilé ìdáná wa. Mo da omi sí i kí n lè mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Kò yéé gbà á, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Mo wá fi okùn tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò gààrí so ó lóòró, bí siléèfù. Mo tún da omi sí i, ife kan ò tíì wọlé tán tó fi ń tú jáde. Mo tú okùn náà, mo so òkè ẹ̀ nìkan kó rí róbótó bí ẹyin, bíi ti báípáàsì. Èyí ò gbà ju ṣíbí díẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi tutù, mò ń wo ohun kékeré yẹn, mò ń bi ara mi bóyá èèyàn lè fi ìyẹn gbé ayé.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wọlé bá mi. Èmi àti òun nìkan là ń gbé inú ilé náà. Ó wo inú abọ́, ó wo okùn, ó bi mí pé irú ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń fi okùn sè. Mo ní pẹpẹsúùpù ni. Ó wá di dandan kí n sè é ní pẹpẹsúùpù lóòótọ́, àwa méjèèjì sì jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin gíga ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó sì fi èjìká rẹ̀ já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Apápá kí kọ̀ǹténà tó gbòde. Nígbà tí màmá mi kú, ó kọ oúnjẹ. Kò bínú, kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń ti àwo sẹ́yìn ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè é lórí fóònù láti ibi tí wọ́n wà, pásítọ̀ wá bẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lára. Ni mo bá kó ẹrù mi padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo tẹ ẹ̀bà, mo gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó tún fẹ́ tì í sẹ́yìn. Mo wá sọ ohun tí gbogbo ọmọ ń sọ nílé wa bí òbí wọn bá kọ oúnjẹ. Mo ní, “Bàámi, tí ẹ ò bá jẹ, èmi náà ò ní jẹ.” Ó wò mí díẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ní kí n fọ tèmi náà. A jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan.

Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Àwo ẹ̀bà kan, abọ́ ọbẹ̀ kan, ọwọ́ méjì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ bí ọmọdé ọ̀hún ṣe máa dìde níbẹ̀. Ẹran tàbí ẹja á wà nínú ọbẹ̀ títí dé ìparí, àgbà ló sì ń pín in. Kò sì sẹ́ni tí í ṣàdédé yọwọ́. Ẹni tó bá yọwọ́ nígbà tí ẹnìkejì ṣì ń jẹ, inú ń bí i ni, tàbí oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ̀, tàbí ara ẹ̀ ò yá. Èmi máa ń jẹun yó ní Apápá kí n tó dé, ṣùgbọ́n mi ò lè yọwọ́. Tí mo bá yọ ọ́, bàbá mi á yọ tirẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwo sẹ́yìn. Òrìṣà bí ọ̀fun kò sí, ojoojúmọ́ ló ń gba ẹbọ. Ọ̀fun méjì ni èmi ń bọ. Mi ò sọ pé bàbá mi ló sọ mí di ọ̀rọ̀bọ̀ o, mo ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọdún tí a fi jẹun pọ̀ yẹn ni ara mi kọjá ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí.

Dókítà ló bi mí pé ta ni mò ń bá jẹun nílé, nítorí pé gbogbo ilé ló máa ń bá ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí yí ìjẹun padà. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwo kan ṣoṣo yẹn fún un. Mo ní nítorí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé balúùn ló dára jù fún mi. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe nǹkan. N ó sọ fún bàbá mi pé ọgbẹ́ inú ni mò ń tọ́jú, n ó máa jẹ díẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti yọ róbà náà, n ó padà sídìí àwo. Dókítà ò já mi kulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní balúùn wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sanra padà bí wọ́n bá ti yọ ọ́. Ó ní siléèfù náà dára, àmọ́ ó lè mú kí àyà tó ń ta mí burú sí i. Ní ti àtọ̀gbẹ àti àyà títa, báípáàsì ló máa ṣe irú èmi láǹfààní jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó máa lo oògùn fítámínì títí ayé mi, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní òun ò lè bá mi yàn. Ó wá gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

“Mà, ṣé nítorí ara yín lẹ ṣe fẹ́ balúùn ni, àbí nítorí àwo Bàbá?”

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Èmi tí mo fẹ́ràn ìbéèrè, mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá.

Ó wá bá mi bẹ obìnrin kan tó ti ṣe báípáàsì pé kó gbà mí lálejò. Apápá níbẹ̀ ló ń gbé. Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn ni mo lọ, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára àwa méjèèjì. Ó gbé mọ́ínmọ́ín fún mi, ó gbé ti ara ẹ̀ náà, èyí tó kéré bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ń fi ṣíbí tíì jẹ ẹ́. Mo bi í bóyá ebi ṣì máa ń pa á. Ó ní ebi ń wá, ṣùgbọ́n kì í pariwo mọ́. Mo bi í bóyá ó lè jẹ ẹ̀bà. Ó ní òkèlè bíi mélòó kan, bí ó bá rún un dáadáa, tí kò sì mu omi lé e lójú ẹsẹ̀. Mo ní ohun dídùn ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ bí òun ṣe mu mínírà tútù níbi ìsọmọlórúkọ kan, tí òógùn bò ó, tí àyà ẹ̀ ń lù kìkì, tí wọ́n fi tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá ìkókó. Mo fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó, mo fẹ́ mọ ibi tó ti kọ́kọ́ ń dùn ún, mo fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀. Kò sú u. Ó ní èèyàn kì í rí ẹni tó máa bèèrè, ẹni tó máa wò ó ló pọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi í pé kí ló wá le jù nínú ẹ̀.

“Ebi kọ́ o,” ó ní. “Ọwọ́ tí mo ń tètè yọ nínú oúnjẹ ẹlòmíràn ló le. Ìyá ọkọ mi rò ó tipẹ́ pé mò ń fura sí ọbẹ̀ òun ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá mi ò ní rò pé mò ń fura sí i. Á kàn yọ tirẹ̀ ni, kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé balúùn náà ni, kí àtọ̀gbẹ ṣì máa fojú sọ́nà.

Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé èyíkéyìí tí mo bá fẹ́ ṣe, ó yẹ kí n ti máa jẹ ìwọ̀nba oúnjẹ ṣáájú. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò nídìí àwo, kí n mọ̀ bóyá mo lè ṣe é kí bàbá mi má fura. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo tẹ ẹ̀bà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, a fọ ọwọ́, a gbàdúrà. Mo ń bu òkèlè tó kéré bí hóró àgbàdo, mo ń pẹ́ nínú ọbẹ̀, mo ń rún un lẹ́nu bí ẹni tó ń ronú. Mo ń sọ ìtàn kọ́sítọ́ọ̀mù fún un kí ojú ẹ̀ má baà wà lára ọwọ́ mi. Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, mo wo inú àwo. Ẹ̀bà náà wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Bí èmi ò bá jẹ ẹ́, ó ṣe tán, òun ń jẹ ẹ́. Bó ṣe di ọjọ́ kejì, ọwọ́ bàbá mi ni mo dojú kọ bí mo ṣe máa ń dojú kọ ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà. Ó bu òkèlè. Kò ju èkúrọ́ lọ. Ó tì í bọ ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà sínú àwo, ó ń rìn yí etí ẹ̀bà ká bí ẹni tó ń wá ibi tó rọ̀. Ohun tí èmi náà ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbogbo ọdún tí a ti ń jẹun pọ̀, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ rí. A kì í wo ọwọ́ àgbà nídìí oúnjẹ.

“Bàámi,” mo ní, “ṣé ẹ ti yó ni?”

Ó wo ọwọ́ tèmi náà, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti yó,” ó ní. “Ìwọ ni mò ń dúró dè.”

Mo ní èmi ni mò ń dúró dè é. A wo ara wa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tí kò burú. Ó ní láti bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá mi lọ ni ebi ti padà sí òun lára, ọ̀sán ló sì máa ń pa òun. Ìyá kan ń ta ẹ̀wà aganyin ní ìkángun àdúgbò wa, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì lójoojúmọ́, á sì yó dáadáa. Bí mo bá fi máa ti Apápá dé, ikùn rẹ̀ ò ní àyè. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé bí kò bá jẹ, èmi ò ní jẹ. Ó ti mọ̀ mí láti kékeré, ó ní, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ti sọ nǹkan, kì í gbà á padà. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ìyá mi ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mi ò lè dá jẹun mọ́.

Inú bí mi, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fi bẹ̀ ẹ́, ọdún gbọọrọ ni àwa méjèèjì ti fi ń jẹ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Ara tirẹ̀ ò gbà á, ó ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe wà. Tèmi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀, a sì yọwọ́ nínú àwo náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Mo gbé bébà dókítà wá, mo ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tilẹ̀ sọ ìdí tí mo fi fi okùn so ikùn ẹlẹ́dẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé èwo ni wọ́n lè dá padà nínú wọn. Mo ní balúùn ni. Ó bi mí pé èwo ló máa lé àtọ̀gbẹ jìnnà jù. Mo ní báípáàsì ni. Ó gbé bébà náà súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ìka rẹ̀ wà lórí àpò kékeré bí ẹyin yẹn. Ẹ̀rù bà á, mo rí i lójú ẹ̀ kedere, ẹ̀rù náà sì wá bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi mí pé ṣé nítorí òun ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n là mí. Mo ní rárá o, nítorí tèmi ni, báípáàsì sì ni mo fẹ́. Bó ṣe tẹnu mi jáde nìyẹn, kí èmi gan-an tó mọ̀ pé mo ti yàn.

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun máa tẹ̀ lé mi lọ. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń wò ó lójú, mo ń bẹ̀rù pé ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Mo gba iwájú ìyá ẹlẹ́wà kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo tètè dé, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ó jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi búrẹ́dì gbá ìsàlẹ̀ abọ́. Mo yà sẹ́yìn kó má baà rí mi.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fún un ní àga. Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn ò ní la ikùn gbayawu, pé ihò kéékèèké làwọn máa lu, àwọn á sì ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ láti ríran. Ó sọ ewu tó wà níbẹ̀ láìfi pamọ́. Ó sọ iye àkókò tí n ó fi mu ohun olómi nìkan kí n tó padà sórí oúnjẹ líle. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Èmi ni mò ń da ìbéèrè bo dókítà: bí wọ́n ṣe ń rán ìfun, irú òwú wo, bí òwú náà ṣe ń ṣe nígbà tó bá yá. Nígbà tó yá, dókítà yíjú sí bàbá mi, ó bi í bóyá òun náà ní ìbéèrè.

Mo rò pé á bèèrè nípa ẹ̀jẹ̀, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni ti kú níbẹ̀ rí. Ó sún ìjókòó rẹ̀ díẹ̀ síwájú.

“Dókítà,” ó ní, “tí ẹ bá wá dín in kù báyẹn, ṣé ọmọ mi á máa yó?”

Dókítà wo èmi, ó wo òun.

“Á máa yó, Bàbá,” ó ní. “Díẹ̀ ló máa jẹ, á sì yó.”

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní ohun tí òun fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo ti kó wá síwájú dókítà yẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Mo sunkún lórí àga níwájú àwọn méjèèjì, ojú ò sì tì mí.